Pọ́ǹpù Gírísì: Bí A Ti Ń Gbé E Kalẹ̀, Bí A Ti Ń Lò Ó àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ní ẹ̀rọ

ÌDÍ TÍ A FI KỌ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé wa lónìí, ẹ̀rọ ni a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ni a fi ń gún ẹyìn, ẹ̀rọ ni a sì fi ń lọ àgbàdo. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tilẹ̀ ti kó owó jọ, wọ́n sì ti ra katakata. Owó ńlá ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí gbà, oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé sì gbára lé wọn.

Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kò sì ní wúlò fún gàrí dáradára mọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nígbà tí òkìtì ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, ẹni tí ó wú u ni yóò ru àdánù náà. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó kú. Béárìn ni ó kú, èyíinì ni irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò rí gírísì. Ó lè jẹ́ pé gírísì tí ó rí ní iyanrìn nínú. Ó sì lè jẹ́ pé a ki gírísì bọ̀ ọ́ ní àkijù.

Pọ́ǹpù gírísì ni irinṣẹ́ tí ń mú gírísì dé inú béárìn. Bí a bá mọ̀ ọ́n lò, béárìn yóò pẹ́. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè gba ìka lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kí gírísì mọ́, kí gírísì ní ìwọ̀n, kí ọwọ́ ènìyàn má sì ṣe wà níwájú ẹnu pọ́ǹpù láéláé.

OHUN TÍ GÍRÍSÌ JẸ́

Epo ni ó pọ̀ jù nínú gírísì, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ ohun bí ọṣẹ, tí ó gbá epo náà mú bí kànìnkànìn ti ń gbá omi mú. Nígbà tí béárìn bá ń yí, ọṣẹ náà a máa tú epo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Epo yìí a tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín irin àti irin, kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Gírísì tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: ó ń dí ojú ọ̀nà mọ́ eruku àti omi.

Lára agolo gírísì, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí ó tẹ̀lé àwọn lẹ́tà NLGI. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe gírísì ní Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, ni ó ni lẹ́tà wọ̀nyí. Nọ́ńbà náà ń sọ bí gírísì ti ki tó. Nọ́ńbà 0 rọ̀ púpọ̀; nọ́ńbà 3 le díẹ̀; nọ́ńbà 2 wà ní àárín wọn, òun ni a sì máa ń lò jù fún béárìn ẹ̀rọ oko. Ẹ wo ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá kí ẹ tó rà á.

Ẹ má ṣe fi àwọ̀ mọ gírísì. Aró lásán ni ó ń sọ gírísì di pupa tàbí búlúù. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kà ni irú ọṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí a kọ pé ó wà fún. Ẹ má sì ṣe da irú gírísì méjì pọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Bí ọṣẹ inú wọn kò bá bá ara wọn mu, àdàlú náà lè rọ̀ títí yóò fi ṣàn jáde bí omi, béárìn yóò sì gbẹ. Bí ó bá di dandan kí ẹ yí irú gírísì padà, ẹ kọ́kọ́ fọ èyí àtijọ́ kúrò nínú béárìn àti nínú pọ́ǹpù.

Epo pupa kò lè rọ́pò gírísì, bẹ́ẹ̀ ni epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò tẹ́lẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Epo pupa a máa kan, a sì máa lẹ̀ mọ́ irin bí oje igi. Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù sì kún fún ìdọ̀tí àti èérún irin.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ PỌ́ǸPÙ GÍRÍSÌ

Oríṣi méjì ni ẹgbẹ́ máa ń ní. Èkíní ni ìbọn gírísì tí a ń gbé lọ́wọ́, tí ó ń gba nǹkan bí 400 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni pọ́ǹpù orí garawa tí a ń gbé kalẹ̀ sí ojú kan, tí garawa rẹ̀ lè gba kìlógíráàmù 10 tàbí 20. Ti orí garawa ni ó yẹ ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ púpọ̀ jù. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nìwọ̀nyí:

1. Garawa àti ìdérí rẹ̀, tí ó ní ìdè yíká kí eruku má baà wọlé.
2. Àwo ìtẹ̀mọ́lẹ̀, èyíinì ni àwo irin tí ó ní rọ́bà létí, tí ó ń gbé orí gírísì, tí ó sì ń tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀ bí ó ti ń tán.
3. Ọ̀pá pọ́ǹpù, tí ó wọ inú gírísì láti àárín àwo náà.
4. Apá ìtẹ̀, tí a ń gbé sókè sódò.
5. Họ́ọ̀sì tí gírísì ń gbà kọjá.
6. Ẹnu ìgbámú, tí ó wà ní òpin họ́ọ̀sì, tí ó ń gbá nípù ẹ̀rọ mú.

Nípù ni orí irin kékeré bí ọmú tí ó wà lára béárìn. Ọta róbótó kan wà ní ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì lẹ́yìn rẹ̀. Gírísì lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè padà jáde. Oscar Zerk, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ irú nípù yìí, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1929.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù, kí ó kọ́ ti ewu rẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré máa ń ní agbára tí ó tó nǹkan bí 30 pọ́n-ùn lórí íńṣì kan níbùú lóròó. Agbára tí ó tó 100 lè dá awọ ara ènìyàn lu. Pọ́ǹpù gírísì tí a ń fi ọwọ́ lásán tẹ̀ lè mú agbára tí ó tó 5,000 jáde. Òmíràn tilẹ̀ tó 10,000. Nítorí náà, bí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ bá wà lára họ́ọ̀sì, gírísì lè ta jáde níbẹ̀ kí ó sì wọ inú ẹran ara lọ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí burú ni pé ojú ọgbẹ́ náà kéré, ó sì lè má dun ènìyàn púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gírísì ti ń rìn lọ nínú ìka. Ọwọ́ yóò wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ dáradára mọ́, ẹran ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá pẹ́ kí a tó tọ́jú rẹ̀, ó lè di ohun tí a ó gé ìka náà, tàbí ọwọ́ náà pàápàá.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ bọ́ òrùka tàbí aago kúrò lọ́wọ́ náà.
2. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ òde awọ rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ pé gírísì yóò jáde. Ẹ má ṣe fi abẹ là á. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná, àdí tàbí àgúnmu sí i.
3. Ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.
4. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ibi tí a ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe dúró wo bóyá yóò wú. Bí wákàtí mẹ́fà bá kọjá, ewu náà a pọ̀ sí i.
5. Ẹ mú agolo gírísì náà dání, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé pọ́ǹpù ni ó fi agbára ti gírísì wọ inú ọwọ́ náà. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ó lè rò pé ọgbẹ́ kékeré lásán ni.

BÍ A TI Ń GBÉ E KALẸ̀

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí òrùlé bò, tí oòrùn àti òjò kò lè dé. Kí ó jìnnà sí ààrò tí a ti ń yan gàrí, nítorí iná. Kí ó sì jìnnà sí ibi tí a ti ń sẹ́ gàrí, nítorí oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ nu orí garawa gírísì àti etí rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó ṣí i. Ìdọ̀tí tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ lónìí yóò dé inú béárìn lọ́la.
2. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tí ó mọ́ tẹ́ ojú gírísì dọ́gba, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí epo díẹ̀ tí ó sun sórí rẹ̀, kò burú. Ẹ rò ó pọ̀.
3. Ẹ gbé àwo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí gírísì yóò fi yọ ní ihò àárín rẹ̀.
4. Ẹ ki ọ̀pá pọ́ǹpù bọ ihò náà, ẹ de ìdérí, kí ẹ sì di ìdè rẹ̀ yíká dọ́gbadọ́gba. Bí ihò èémí bá wà lára ìdérí, ẹ má ṣe dí i.
5. Ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ pọ́ǹpù pẹ̀lú ìdè tí a ṣe fún un. Ẹ má ṣe fi wáyà dì í, ẹ má sì ṣe lo họ́ọ̀sì omi tàbí ti afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n agbára tí a kọ sára họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kéré sí ti pọ́ǹpù.
6. Ẹ kọ ẹnu họ́ọ̀sì sínú agolo òfìfo, kí ẹ máa tẹ apá ìtẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gírísì yóò máa jáde ní ìtúká nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa jáde láìdáwọ́dúró.
7. Níkẹyìn, ẹ fi ẹnu ìgbámú há nípù kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi páálí gbé lọ gbé bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì àti àwọn oríkèé rẹ̀. Bí ó bá ń jò, páálí ni yóò fi hàn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ń jò.

Bí pọ́ǹpù yín bá jẹ́ èyí tí ń lo afẹ́fẹ́ tàbí iná mànàmáná, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ gbé e kalẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo afẹ́fẹ́ a máa sọ agbára afẹ́fẹ́ di ìlọ́po 50. Èyíinì ni pé 100 tí ó wọlé yóò di 5,000 ní ẹnu họ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó wọlé ju iye tí a kọ sára rẹ̀ lọ. Ti iná mànàmáná gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ó wọlẹ̀.

BÍ A TI Ń LÒ Ó

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ọ̀ràn pọ́ǹpù gírísì ti rí gan-an nìyẹn.

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ ti pẹtiróòlù, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti iná mànàmáná, ẹ pa iná náà níbi tí ó ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ katakata, ẹ fa bíréèkì, ẹ sọ irin ìtúlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ dúró kí gbogbo ohun tí ń yí dákẹ́ pátápátá.
2. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ wọ agbádá tàbí aṣọ tí ń fẹ́. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ kò lè dá gírísì tí ó bá ta jáde dúró.
3. Ẹ fi àkísà tí ó mọ́ nu nípù àti ẹnu ìgbámú. Ẹ tẹ gírísì díẹ̀ sínú agolo àlòkù láti ti eruku ẹnu rẹ̀ jáde.
4. Ẹ fi ẹnu ìgbámú sí nípù tààrà, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́, títí yóò fi gbá a mú.
5. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa kà á. Ẹ má ṣe di rọ́bà họ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí a fi irin wé ni kí ẹ dì mú.
6. Bí apá ìtẹ̀ bá le, ẹ dúró. Nípù ni ó dí. Ẹ má ṣe fi páìpù gùn ún láti fi agbára kún un, nítorí họ́ọ̀sì lè bẹ́.
7. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ìgbámú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, yóò sì jáde. Ẹ nu nípù, kí ẹ sì fi ìdérí rẹ̀ dé e.
8. Ẹ dá irin ìdáàbòbò bẹ́líìtì padà sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ẹrù nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún pa á, kí ẹ nu gírísì tí ó yọ síta.

Ẹ má ṣe na ẹnu pọ́ǹpù sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ní àwàdà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣeré.

BÍ GÍRÍSÌ YÓÒ TI PỌ̀ TÓ

Àwọn kan rò pé bí gírísì bá ti pọ̀ tó ni béárìn yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú béárìn tí ń sáré, bí gírísì bá kún dí, irin yóò máa lù ú, yóò sì gbóná. Epo inú rẹ̀ yóò yọ́ jáde, rọ́bà tí ó dí ẹ̀gbẹ́ béárìn yóò sì ya. Láti ihò tí ó ya ni omi ẹ̀gẹ́ àti eruku yóò gbà wọlé. Bí ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì àyè inú ilé béárìn bá ní gírísì, ó tó.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìwọ̀n tí a ó fi kún un kò le. Ẹ mú fífẹ̀ béárìn láti etí òde kan dé etí òde kejì, àti nínípọn rẹ̀, ní mìlímítà. Ẹ sọ ọ̀kan di púpọ̀ ní iye èkejì, kí ẹ sì pín èsì rẹ̀ sí ọ̀nà 200. Iye tí ẹ bá rí ni gíráàmù gírísì tí ẹ ó fi sí i. Àpẹẹrẹ: béárìn kan fẹ̀ ní mìlímítà 62, ó sì nípọn ní mìlímítà 16. Ìlọ́po 62 lọ́nà 16 jẹ́ 992. Bí a bá pín in sí 200, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 5. Gíráàmù márùn-ún ni ó tó o.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye tí pọ́ǹpù yín ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 50 sínú agolo tí ó mọ́ tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí gírísì náà bá jẹ́ gíráàmù 60, ó ń ti gíráàmù 1.2 jáde lẹ́ẹ̀kan. Béárìn tí ó fẹ́ gíráàmù 5 yóò gba ìtẹ̀ mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà 4 sí ẹ̀gbẹ́ nípù náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá di pọ́ǹpù mú lè rí i. Bí ẹ bá ra pọ́ǹpù mìíràn, ẹ tún ìwọ̀n náà ṣe, nítorí pọ́ǹpù kò dọ́gba.

Kì í ṣe gbogbo ojú ibi ni ìwọ̀n yìí wà fún. Ní oríkèé katakata tí ń mì lọ mì bọ̀ jẹ́jẹ́, tí kì í sáré yí, ohun tí a fẹ́ ni pé kí gírísì titun ti ẹrẹ̀ àti gírísì àtijọ́ jáde. Bí ẹ bá ti rí titun létí rẹ̀, ẹ dúró.

Ìwé ẹ̀rọ yín ni yóò sọ ìgbà tí ẹ ó fi gírísì sí i. Ọ̀pọ̀ ibi lára katakata ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti lójoojúmọ́ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Béárìn tí omi ń ta sí, bí èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́, a máa fẹ́ ẹ kíákíá ju èyí tí ó wà níbi gbígbẹ lọ. Bí béárìn bá sì ń ṣiṣẹ́ nínú ooru tí ó ju ìwọ̀n 70 lọ ní Sẹ́síọ́ọ̀sì, gbogbo ìwọ̀n 15 tí ó bá fi lé e ń dín àkókò náà kù sí ìdajì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, tí kò yí mọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilé béárìn. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ fi gírísì titun sí i. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọ̀ràn wà níbẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà. Béárìn tí ń kùn díẹ̀ lónìí ni ó lè ba ọ̀pá ẹ̀rọ jẹ́ lọ́la.

GÍRÍSÌ ÀTI OÚNJẸ

Gírísì kì í ṣe ohun jíjẹ. Béárìn ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ àti ti ẹ̀rọ tí ń gún ẹyìn wà nítòsí oúnjẹ, gírísì tí ó bá sì yọ lè kán sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ nu gbogbo èyí tí ó bá yọ kí ẹ tó da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá lè rí i rà, ẹ lo gírísì tí a kọ H1 sí lára fún béárìn tí ó sún mọ́ oúnjẹ. Irú èyí ni a ṣe fún ibi tí díẹ̀ lè ṣèèṣì kan oúnjẹ. Ṣùgbọ́n èyí kò wí pé kí a jẹ́ kí ó máa kán sí i. Bí gírísì lásán bá bọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tí a ti lọ̀, ẹ bu apá ibẹ̀ dànù dáradára. Àdánù díẹ̀ sàn ju kí orúkọ gàrí ẹgbẹ́ bàjẹ́ lọ́jà.

Ẹ kó àkísà àti gírísì àlòkù sínú agolo tí ó ní ìdérí. Ẹ má ṣe dà á sódò tàbí sẹ́bàá kànga, ẹ má sì ṣe fi í dáná ààrò. Ẹni tí ó bá ti fi gírísì ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ PỌ́ǸPÙ

Lójoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ nu ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu họ́ọ̀sì kọ́ kúrò nílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ họ́ọ̀sì wò láti òpin kan dé èkejì. Bí ó bá sán, bí ó bá wú níbì kan, bí ó bá ká, tàbí bí irin inú rẹ̀ bá yọ síta, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹ ra titun. A kì í lẹ họ́ọ̀sì gírísì. Kí ẹ tó tú ohunkóhun lára pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ rọlẹ̀ nípa títú gírísì sínú agolo.

Bí àìṣedéédéé bá wà, ẹ wo ìwọ̀nyí:

Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí gírísì kò jáde: afẹ́fẹ́ ni ó há sínú rẹ̀, tàbí àwo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó há sí ẹ̀gbẹ́ garawa, tàbí gírísì ti tán. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ àwo náà sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì tún lé afẹ́fẹ́ jáde.

Bí gírísì bá ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ nípù: ẹnu ìgbámú ti gbó, tàbí nípù ni ó ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́. Nípù kò wọ́n.

Bí nípù bá dí: ẹ tú u kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ fi titun sí i. Ẹ má ṣe fi iná yọ́ ọ.

Bí apá ìtẹ̀ bá ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀: fáàfù inú rẹ̀ ni ìdọ̀tí wọ̀, tàbí rọ́bà inú ọ̀pá ti jẹ. Ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n.

OLÙTỌ́JÚ ÀTI ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn máa ń ṣòro láti tọ́jú. Olúkúlùkù yóò rò pé ẹlòmíràn ti fi gírísì sí i, kò sì ní sí ẹni tí ó fi sí i. Ìgbà mìíràn, ènìyàn mẹ́ta yóò fi sí i lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa di pọ́ǹpù mú, àti ẹnì kejì tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí kò bá sí nílé. Kí kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù wà lọ́wọ́ wọn.

Kí wọ́n ní ìwé kan, kí wọ́n sì máa kọ nǹkan márùn-ún sínú rẹ̀: ọjọ́, orúkọ ẹ̀rọ, béárìn tí a fi gírísì sí, iye ìtẹ̀, àti ohun tí a kíyè sí. Lọ́dún, ẹ gbé ìwé yìí wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹ fi owó gírísì wé owó béárìn àti owó mẹkáníìkì. Ìwé náà ni yóò sọ fún yín bóyá ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀rọ tàbí ẹ̀ ń sin òkú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Ta ni ó ń fi gírísì sí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wa, ta sì ni ó rọ́pò rẹ̀?
2. Irú gírísì wo ni ó wà nínú garawa wa, ǹjẹ́ ó bá ohun tí ìwé ẹ̀rọ wí mu?
3. Gíráàmù mélòó ni pọ́ǹpù wa ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan? Ìtẹ̀ mélòó ni béárìn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́?
4. Nígbà wo ni a yẹ họ́ọ̀sì wò kẹ́yìn?
5. Bí gírísì bá wọ ọwọ́ ẹnì kan lálẹ́ òní, ilé ìwòsàn wo ni a ó gbé e lọ, ọkọ̀ ta ni yóò sì gbé e?

Bí ẹgbẹ́ yín kò bá lè dáhùn ìbéèrè karùn-ún, ẹ má ṣe tú ká ní ìpàdé náà títí ẹ ó fi rí ìdáhùn rẹ̀.